Ìwé Rẹ̀ Ni Wọn Yóò Kọ́kọ́ Wò

 

Àwọn kan yóò ka ọ̀rọ̀ tòní, wọn á ní kí ló kan ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wa nínú eré ìdárayá àwọn ará Amẹ́ríkà. Ó kàn wá. Ohun tí ó bá ń mú ọmọ kúrò nílé ìwé, tí ó sì ń tú owó ìyá rẹ̀ jáde nínú àpò, ọ̀rọ̀ ìṣèlú ìlú ni, bí kò tilẹ̀ ní ìbò nínú.

Ẹ wo bó ṣe ń lọ. Ọmọ ga, ara rẹ̀ yá, ó ń sáré bí ìgalà. Ọkùnrin kan tí ó pe ara rẹ̀ ní mànájà rí i lórí pápá, ó bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀: yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà yóò gbà á, wọn yóò fún un ní bourse, kí ẹ ṣáà wá owó dossier. Láti ọjọ́ náà, ọmọ ò rí ti ìwé rò mọ́. Pápá láàárọ̀, pápá nírọ̀lẹ́. Bí olùkọ́ bá bi í pé iṣẹ́ àṣetiléwá ńkọ́, á ní òun ń lọ Amẹ́ríkà. Irú ilé bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ẹyọ kan ní ìlú wa. Ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún bàbá yẹn ni pé bulletin tí ọmọ náà ń fi ojú tín-ínrín wò gan-an ni wọn yóò kọ́kọ́ bèèrè lọ́hùn-ún.

Ìdí rẹ̀ rèé. Lọ́dọ̀ tiwa, bí àwọn Faransé ṣe kọ́ wa, inú kílọ́ọ̀bù ni bọ́ọ̀lù wà, ilé ìwé wà níbòmíràn, ọ̀kan kì í sábà bi èkejì léèrè. Ní Amẹ́ríkà, yunifásítì ni ó ní pápá, òun ni ó ní kóòṣì, òun náà ni ó ń fúnni ní bourse. Ẹgbẹ́ tí ó tóbi jù nínú àwọn tí ń ṣàkóso eré yìí ni wọ́n ń pè ní NCAA. Ilé ìwé tí ó wà nínú rẹ̀ lé ní 1,000, wọ́n sì pín wọn sí ìpele mẹ́ta. Ìpele kìíní àti ìkejì lè fún ọmọ ní bourse nítorí eré ìdárayá; ìpele kẹta kì í fún un. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ ṣeré ní ìpele kìíní tàbí ìkejì, ọ̀rọ̀ ẹnu kóòṣì nìkan ò tó. NCAA ní ọ́fíìsì tirẹ̀ tí ń yẹ ìwé ọmọ wò láti ọdún kẹsàn-án tí ó ti ń kàwé. Ọ́fíìsì yẹn ni yóò sọ pé ó yẹ tàbí kò yẹ. Kóòṣì lè fẹ́ràn ọmọ bí ojú rẹ̀, bí ọ́fíìsì yẹn bá ní rárá, orí ìjókòó àwọn òǹwòran ni ọmọ máa wà.

Kí ni wọ́n ń wò? Fún ìpele kìíní, ẹ̀kọ́ pàtàkì 16 ni wọ́n ń kà, ẹ̀kọ́ ọdún kan ni wọ́n sì ń ka ọ̀kọ̀ọ̀kan sí. Mẹ́rin nínú rẹ̀ jẹ́ ti èdè Gẹ̀ẹ́sì, mẹ́ta ti ìṣirò, méjì ti sáyẹ́ǹsì, ọ̀kan tún wà tí ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ti èdè tàbí ìṣirò tàbí sáyẹ́ǹsì, méjì jẹ́ ti ìtàn, ilẹ̀ ayé àti ìwà àwùjọ, mẹ́rin tí ó kù sì lè wá láti inú àwọn wọ̀nyí tàbí èdè òkèèrè tàbí ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ bíi philo. Moyenne ọmọ nínú ẹ̀kọ́ wọ̀nyí nìkan gbọ́dọ̀ tó 2.3 lórí 4. Fún ìpele kejì, 2.2 ni. Àwa tí wọ́n fi 20 máàkì kọ́, ẹ má ṣe fi 10 lórí 20 tan ara yín jẹ pé ìdajì ṣáà ni: wọ́n ní ìlànà tiwọn tí wọ́n fi ń yí máàkì orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan padà sí tiwọn, ọmọ tí ó bá sì ń fi 10 rá pálá kọjá lọ́dọọdún wà létí bèbè.

Ohun kan wà níbẹ̀ tí yóò ya púpọ̀ nínú yín lẹ́nu. Máàkì EPS ò sí nínú ìṣirò yẹn. 18 tí ọmọ gbà nínú eré sísá àti fífò, èyí tí ó ń gbé moyenne rẹ̀ sókè lórí bulletin tí gbogbo ilé fi ń jó, lójú àwọn tí ń wá eléré ìdárayá, òfo ni. Ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ náà kì í wọlé. Nítorí náà ọmọ tí ó wà ní ilé ìwé technique, tí ó ń kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì tàbí ìṣirò owó, kí ó tètè ka iye ẹ̀kọ́ gidi tí ó ní nínú àwọn 16 yẹn. A ò bú iṣẹ́ ọwọ́ o. Òfin wọn là ń sọ.

Èyí tí ó sì burú jù fún àwa tí a jogún ilé ìwé Faransé ni ti ìgbà. Wọ́n ń ka ọdún mẹ́rin láti ọjọ́ tí ọmọ ti kọ́kọ́ wọ ọdún kẹsàn-án. Lọ́dọ̀ wa, troisième nìyẹn. Troisième, seconde, première, terminale: ọdún mẹ́rin pé. Ẹ̀kọ́ 10 nínú 16 gbọ́dọ̀ ti parí kí ó tó bẹ̀rẹ̀ ọdún ìkẹyìn, méje nínú wọn sì ní láti jẹ́ èdè, ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Wàyí o, ta ni ò mọ̀ pé àtúnkà kíláàsì kò ṣàjèjì nílé ìwé wa? Redoubler kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn pàtàkì ní orílẹ̀-èdè yìí ló tún première kà. Ṣùgbọ́n aago NCAA ò dúró de ẹnikẹ́ni. Ọmọ tí ó bá wọ troisième ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, oṣù keje ọdún 2026 ni wọ́n ń retí pé kí ó jáde. Bí ó bá tún kíláàsì kan kà láàrin, ohun tí ó kọ́ lẹ́yìn ọdún kẹrin lè má wọ inú ìṣirò, ẹ̀kọ́ rẹ̀ lè má pé 16, bí ó tilẹ̀ gba bac pẹ̀lú mention. Ẹ wá wo ọmọ tí kóòṣì kílọ́ọ̀bù ní kó fi kíláàsì sílẹ̀ fún oṣù mẹ́ta nítorí ìdíje, tí wọ́n sì ní "á tún un kà lọ́dún tó ń bọ̀". Ọdún kan tí wọ́n fi ṣeré yẹn ti gé ẹsẹ̀ rẹ̀.

Nígbà tí ọmọ bá sì ti wọlé tán, àyẹ̀wò ò tíì parí. Ní sáà kọ̀ọ̀kan ó gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ fún ó kéré tán crédit 12. Ó gbọ́dọ̀ yege nínú crédit mẹ́fà kí ó tó lè ṣeré ní sáà tó tẹ̀lé e, kí ó sì ti ní 24 kí ó tó bẹ̀rẹ̀ ọdún kejì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á máa wo bí ó ti súnmọ́ ìwé ẹ̀rí tó: kí ó tó wọ ọdún kẹta, ìdá 40 nínú 100 iṣẹ́ náà ti gbọ́dọ̀ parí, kí ó tó wọ ọdún kẹrin, 60, kí ó tó wọ ọdún karùn-ún, 80. Bí ìwé ẹ̀rí náà bá jẹ́ crédit 120, a jẹ́ pé 48, 72 àti 96 nìyẹn. Crédit tí kò bá sí lára ẹ̀ka tí ó yàn ò ràn án lọ́wọ́ mọ́ tí ó bá ti dé ọdún kẹta. Ọmọ tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú bàọ́lọ́jì tí ó wá fẹ́ yí sí ẹ̀kọ́ òfin ìṣèlú lè bá ara rẹ̀ níta pápá, kì í ṣe pé ó yadi, ó kàn yí ọ̀nà padà ni.

Yunifásítì fúnra rẹ̀ náà ní ìdánwò tirẹ̀. Àwọn ọmọ tí ó gba bourse nínú ẹgbẹ́ eléré kọ̀ọ̀kan, sáà dé sáà, wọ́n ń fún wọn ní àmì kan tí wọ́n bá ṣì wà nílé ìwé, àti àmì kan tí ìwé wọn bá ṣì dára tó láti ṣeré. Wọ́n ń ṣírò gbogbo rẹ̀ lórí 1,000. Ẹgbẹ́ tí ó bá wà lábẹ́ 930 lè rí ìyà. Ẹgbẹ́ básíkẹ́ẹ̀tì ọkùnrin yunifásítì Connecticut gba ife orílẹ̀-èdè ní ọdún 2011. Nígbà tí ó di 2013, wọn ò jẹ́ kí ẹgbẹ́ kan náà wọ ìdíje ìkẹyìn, nítorí máàkì ìwé. Ní 2014 ó padà wá, ó tún gba ife. Ẹ fojú inú wò ó kí wọ́n ní kí ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù tí ó gba ife ní Kútọnu jókòó sílé torí pé àwọn ọmọ inú rẹ̀ ò kàwé. Ìgboro á gbóná!

Ṣùgbọ́n a ò ní purọ́ fún yín pé ìfẹ́ ọmọ nìkan ló bí òfin yìí. Ìtìjú ló bí i. Ní ọdún 1989, Dexter Manley, ọkùnrin gìrìpá tí ó ti gba ife ńlá lẹ́ẹ̀mejì pẹ̀lú ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù Washington, jókòó níwájú àwọn sẹ́nétọ̀ Amẹ́ríkà, ó ń sunkún, ó ní òun lo ọdún mẹ́rin ní yunifásítì Oklahoma State láìmọ ìwé kà. Ẹni yìí ti gbé orúkọ yunifásítì lé àyà, wọ́n ti ta tíkẹ́ẹ̀tì lórí rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó kọ́ ọ ní lẹ́tà. Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nìyẹn kí òfin tó le. Ní 1983 ni wọ́n ti dìbò fún èyí tí wọ́n pè ní Proposition 48, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1986: ẹ̀kọ́ pàtàkì 11, moyenne 2.0, àti máàkì 700 nínú ìdánwò SAT.

Ìdánwò SAT yẹn ló wá dá ìjà sílẹ̀. Àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú àti ọmọ tálákà ni ó ń lé dànù jù. Ní oṣù kìíní ọdún 1989, NCAA tún fẹ́ fi òfin mìíràn lé e pé ọmọ tí ò bá pé nínú gbogbo rẹ̀ ò ní rí bourse rárá. John Thompson, kóòṣì aláwọ̀ dúdú yunifásítì Georgetown, dìde kúrò lórí pápá kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Ó ní ẹ ò lè fi ìdánwò kan ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ tí kò ní ọ̀nà mìíràn. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, wọ́n dẹ òfin náà. Ní oṣù kìíní ọdún 2023, wọ́n yọ ìdánwò náà kúrò nínú ohun tí NCAA ń bèèrè pátápátá. Àwa rò pé Thompson jàre. Bẹ́ẹ̀ náà la rò pé Manley ò yẹ kó ṣẹlẹ̀. Ọ̀rọ̀ méjèèjì lè gbé inú ikùn kan láìjà, ẹni tí ó bá sì ti ṣe iṣẹ́ ìjọba rí mọ̀ pé òfin tí ó dára náà lè tẹ aláìní mọ́lẹ̀ tí wọn ò bá fi ojú inú lò ó.

Ohun tí ó yẹ kí ó kan àwa báyìí ni pé, níwọ̀n ìgbà tí ìdánwò yẹn ti kúrò ńlẹ̀, bulletin ló kù. Gbogbo ìwúwo ti bọ́ sórí máàkì tí olùkọ́ abúlé wa ń fún ọmọ lójoojúmọ́.

Níbi tí ìwúwo bá sì bọ́ sí, ibẹ̀ ni àwọn ayédèrú máa ń gbà wọlé. Àwọn aláwọ̀ funfun ò yọ ara wọn sílẹ̀. Ní yunifásítì North Carolina ní Chapel Hill, láàrin 1993 sí 2011, wọ́n ṣe kíláàsì tí kò ní olùkọ́, tí kò ní ìjókòó: ọmọ á kọ ìwé kan ṣoṣo, wọn á fún un ní máàkì gíga. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó gba ibẹ̀ kọjá lé ní 3,100, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì wọn tí ó jẹ́ eléré ìdárayá. Ìwé ìwádìí tí agbẹjọ́rò Kenneth Wainstein gbé jáde ní 2014 ló tú àṣírí rẹ̀. Nígbà tí NCAA fi máa dájọ́ ní 2017, wọ́n ní àwọn ò lè fìyà jẹ yunifásítì náà, torí pé kíláàsì náà ṣí sílẹ̀ fún gbogbo akẹ́kọ̀ọ́, kì í ṣe eléré nìkan. Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́ irú ìdájọ́ yẹn! Èyí tí ó sì dùn wá jù níbẹ̀: ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ilẹ̀ Áfíríkà àti ti àwọn aláwọ̀ dúdú ni wọ́n lò fún ìdọ̀tí yẹn. Ìtàn àwọn baba wa ni wọ́n sọ di ẹ̀kọ́ tí a kì í kọ́.

Nítorí náà, tí wọ́n bá sọ fún yín pé ọmọ yín ti wọ yunifásítì ní Amẹ́ríkà, ẹ má dúró síbẹ̀. Ẹ bi í pé kí lò ń kọ́? Ta ni olùkọ́ rẹ? Crédit mélòó lo ti ní? Kóòṣì ń wá ẹni tí yóò bá a gbá eré Sátidé yìí, ibi tí ojú rẹ̀ lè dé nìyẹn. Òbí ni ó ń wo ọdún mẹ́wàá. Láti oṣù keje ọdún 2021 ni òfin ti gbà kí àwọn eléré yunifásítì máa rí owó lórí orúkọ wọn, èyí sì ti ń tú ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ lórí. Ọmọ tí ó lọ pẹ̀lú visa akẹ́kọ̀ọ́ kì í rí owó bẹ́ẹ̀ gbà ní ìrọ̀rùn, torí visa náà dín iṣẹ́ tí ó lè ṣe kù. Visa kan náà sì ní kí ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ gidi.

Àwọn ọ̀dọ́ á ní ẹ ń dẹ́rù bà wá. Rárá. Ọ̀nà náà wà, ọmọ wa sì ti gbà á rí. Hakeem Olajuwon, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Èkó, láti yunifásítì Houston ló ti bọ́ sí NBA, òun ni wọ́n kọ́kọ́ mú nínú gbogbo àwọn tí wọ́n yàn ní 1984. Ọ̀nà kan ò sì wọ ọjà: kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún méjì wà, àwọn ẹgbẹ́ mìíràn tí kì í ṣe NCAA wà, òfin tiwọn yàtọ̀ díẹ̀. Kò sí èyí tí kì í bèèrè ìwé nínú wọn. Àwọn ọmọbìnrin wa ńkọ́? Láti 1972 ni òfin Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní Title IX ti ní kí ilé ìwé tí ń gba owó ìjọba má ṣe ya obìnrin sẹ́yìn, eré ìdárayá sì wà lára rẹ̀. Bourse tí ó wà fún ọmọbìnrin tí ó mọ eré sá, tí ó sì mọ ìwé, kò kéré rárá. Síbẹ̀ ọmọkùnrin ni gbogbo mànájà ń tọ̀ lẹ́yìn, ọmọbìnrin tí ó yára jù ní kọ́lẹ́ẹ̀jì wà nílé, ó ń lọ gàrí.

Ní ti àwọn tí ń gba owó dossier: ẹni tí ó bá ń gbowó lọ́wọ́ yín kí ó lè wá bourse eré ìdárayá fún ọmọ, aṣojú ni òfin NCAA kà á sí, aṣojú sì lè sọ ọmọ di ẹni tí kò lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣeré. Ẹ bi í bóyá ó mọ iye ẹ̀kọ́ pàtàkì tí wọ́n ń bèèrè. Tí ó bá ń ká ahọ́n, ẹ fún un ní omi mu, kí ẹ sì fi ọ̀nà hàn án.

Ẹ tọ́jú ìwé. Wọ́n máa ń fẹ́ bulletin gbogbo ọdún láti troisième, èyí tí ilé ìwé lu òǹtẹ̀ sí, àti ẹ̀rí bac, ní Faransé bó ṣe wà, pẹ̀lú ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí a fọwọ́ sí. Àwa tí a ti lo ọjọ́ ayé wa lẹ́yìn tábìlì ìjọba mọ ibi tí wàhálà ti ń wá: ọmọ kan náà ni Adéchina lórí acte de naissance, Adeshina lórí bulletin, Adésina lórí pásípọ́ọ̀tù. Kí ẹ tún un ṣe nísinsìnyí tí kò tíì sí ìkánjú. Kí ẹnikẹ́ni má sì gé ọdún ọmọ kù nítorí kílọ́ọ̀bù. Ọjọ́ orí tí ẹ gé yóò bá ọdún ilé ìwé rẹ̀ jà, ìwé ayédèrú kan ṣoṣo lè ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn títí láé.

Ẹ̀yin ọba wa, ẹ̀yin ìjòyè, ohun tí a ń bẹ̀ lọ́wọ́ yín ò ná yín lówó. Ìdíje bọ́ọ̀lù ìgbà ìsinmi tí ń wáyé ní ìlú wa lọ́dọọdún, ẹ̀yin ni ẹ ń gbé ife kalẹ̀, ọwọ́ yín ni wọ́n ti ń gbà á. Ẹ ní kí ọmọ tí ó wà ní ọjọ́ orí ilé ìwé mú bulletin ọdún yẹn wá kí ó tó wọ bàtà. A ò ní kí ẹ lé ẹni tí ó kùnà. Kí ẹ mọ ẹni tí ó kùnà, kí kílọ́ọ̀bù rẹ̀ wá olùkọ́ fún un. Kí ẹ sì sọ fún àwọn ààrẹ kílọ́ọ̀bù pé aago ìdánrawò kò gbọdọ̀ bọ́ sí aago kíláàsì. Àwọn kan á kùn. Wọ́n kùn fún Connecticut náà.

Ọ́fíìsì ẹgbẹ́ wa yóò máa gba àwọn òbí lọ́fẹ̀ẹ́ láti bá wọn ka ẹ̀kọ́ ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó bá ní ọmọ ní troisième tàbí seconde tí ó ń ṣeré ìdárayá, kí ó kó bulletin àti acte de naissance rẹ̀ wá kí ilé ìwé tó wọlé. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ ti wà ní terminale, kí ó wá ní ọ̀sẹ̀ yìí.